Òjò ń rọ̀, kànga ń gbẹ: kí ló ń ṣe omi abẹ́ ilẹ̀ wa ní Èkìtì?

Ọdọọdún ni. Tí ọyẹ́ bá ti kọjá, tó di bí oṣù kejì sí oṣù kẹta, ìjà omi á bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò. Ẹnì kan á ní kànga òun tí kì í gbẹ látijọ́ ti gbẹ, òmíràn á ní bọ́hóòlù tí ará ẹ̀yìnkùlé lù lọ́dún tó kọjá ló fa gbogbo omi lọ, ẹlòmíràn á ní ayé ló ti bàjẹ́, òjò ò rọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń sọ pé odò ńlá kan ń ṣàn lábẹ́ Adó lọ sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, pé ẹni tí bọ́hóòlù ẹ̀ bá ṣe kòńgẹ́ odò yẹn, ìyà omi ò ní jẹ ẹ́ mọ́ láyé. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Òótọ́ wà nínú àwọn kan, irọ́ gbuu sì wà nínú àwọn kan, ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀, torí owó gọbọi là ń ná sórí omi yìí, ọ̀pọ̀ ló sì ń rì í mọ́nú òkúta lásán.

Kí là ń pè ní kí ni?

Kànga ni ihò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, tó fẹ̀ débi tí agbẹ́kànga á fi lè dúró nínú ẹ̀, kó máa fi dígà wa ilẹ̀, kí wọ́n máa fi okùn fa erùpẹ̀ sókè. Tó bá ti kan òkúta, ibẹ̀ ló sábà máa ń parí sí, àfi tí olówó ẹ̀ bá ní kó bá òkúta jà.

Bọ́hóòlù ní tiẹ̀, mọ́tò ńlá ló ń lù ú, ihò ẹ̀ ò fẹ̀ ju kí èèyàn ti orí bọ̀ ọ́ kó há, àmọ́ ó lè wọ inú òkúta lọ dáadáa. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n á ki páìpù bọ̀ ọ́, wọ́n á sọ súmò sí i tí á máa fa omi sókè.

Omi abẹ́ ilẹ̀ ni omi òjò tó rì, tó wá fara pamọ́ sáàárín erùpẹ̀ àti síbi tí òkúta ti sán. Ojú omi sì ni ibi tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ débẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Kì í dúró sójú kan o, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo wàhálà tá à ń sọ yìí, orí gígòkè sọ̀kalẹ̀ ẹ̀ ló dá lé.

Ṣé odò wà lábẹ́ ilé wa?

Kò sí. Ẹ wo òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tàbí òkúta Olóta nínú Adó. Òkúta yẹn ò parí síbi tójú wa rí i dé. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó gba abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ mọ́ṣáláṣí, abẹ́ ọjà, irú ẹ̀ náà ló wà lábẹ́ páálọ̀ yín. Gbogbo Èkìtì pátá, orí òkúta la jókòó lé. Erùpẹ̀ tá à ń gbin iṣu sí yẹn, òkúta náà ni, òjò àti oòrùn ló jẹ ẹ́ rà láti àìmọye ọdún. Níbì kan ó ti rà wọlẹ̀ tó mítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbòmíràn, mítà 3 péré lẹ máa gbẹ́ tí dígà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná.

Ẹ mú búrẹ́dì, ẹ gbé e sórí àwo tánńgaran tó ti sán, kẹ́ ẹ wá rọra máa da omi sí i. Búrẹ́dì á fa omi mu. Àwo ò ní fa nǹkan kan, àfi ìwọ̀nba tó bá gba ojú ibi tó ti sán wọlé. Búrẹ́dì yẹn ni erùpẹ̀ àti òkúta tó ti rà, ibẹ̀ ni kànga ti ń rí omi. Àwo ni òkúta líle, ojú ibi tó sán ni bọ́hóòlù ń wá kiri. Ìyẹn náà ló fà á tí omi tiwa ò fi rí bíi ti àwọn ará Èkó. Ní Èkó, yanrìn ló nípọn lábẹ́ wọn lọ jìnnà, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè lù, omi á jáde (bóyá ó dára láti mu, ìyẹn tún lọ́tọ̀). Níbí, ilé méjì lè dojú kọra wọn, kí ọ̀kan rí omi, kí èkejì rí eruku.

Ẹnì kan á ní, Ìkógòsì ńkọ́, ṣebí inú òkè ni omi yẹn ti ń tú jáde, gbígbóná lọ́tọ̀, tútù lọ́tọ̀, kí wọ́n tó pàdé? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òkúta apá Ìkógòsì àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yàtọ̀ sí ti Adó, ó máa ń sán gan-an. Òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè yẹn ló ń gba ojú sísán wọlẹ̀ lọ jìnnà, ooru inú ilẹ̀ á mú un gbóná, á tún gba ojú sísán mìíràn gòkè padà. Omi òjò náà ni, ó kàn rìnrìn àjò ni.

Ta ló ń dá omi padà sílẹ̀?

Òjò nìkan. Tẹ́ ẹ bá kó òjò ọdún kan jọ ní Èkìtì, ó máa ń tó nǹkan bíi mílímítà 1,300, ọdún kan á lé, ọdún kan á dín. Ẹ má jẹ́ kí mílímítà yẹn dẹ́rù bà yín. Tí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1 tó tún fẹ̀ ní mítà 1, omi lítà 1 ni. Pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, omi tí òjò ń dà sórí ẹ̀ lọ́dún lé ní lítà 600,000. Tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 24,000. Orí pulọ́ọ̀tì yín nìkan nìyẹn o, ẹ sì tún wá ń ra omi táńkà nínú oṣù kẹta.

Ibo ló ń lọ? Oòrùn á fa tiẹ̀ padà sókè, igi àti koríko á mu tiwọn, apá kan á gba gọ́tà bọ́ sódò, odò á gbé e lọ. Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ìlú Ìgèdè-Èkìtì níbí ló ti ṣẹ̀, ẹ wá ro iye omi tí Èkìtì ń fi ta àwọn ẹlòmíràn lọ́rẹ lọ́dọọdún. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ló ń rì lọ bá ojú omi, ìwọ̀nba yẹn náà ni gbogbo wa ń fà láti oṣù kọkànlá títí òjò á fi padà dé.

Ohun tó wá ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni pé àkọ́rọ̀ òjò á ti rọ̀, àgbàdo á ti hù, kànga á ṣì gbẹ táútáú. Wọ́n á ní òjò yìí ò wúlò. Ó wúlò o, kò tíì débẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí oòrùn ti sun fún bí oṣù mẹ́rin, òùngbẹ ń gbẹ òun náà, òjò ìbẹ̀rẹ̀ ò ní kọjá òkè, ilẹ̀ òkè á mu ún tán. Ó dìgbà tí ilẹ̀ òkè bá mu yó kí èyí tó kù tó lè rì lọ sísàlẹ̀, nígbà míì ó lè di oṣù kẹfà tàbí ìkeje kí kànga tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè dáadáa, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló sì máa ń ga jù.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń gbẹ́ kànga nínú oṣù kẹsàn-án. Agbẹ́kànga á kan omi wàràwàrà, inú gbogbo ilé á dùn, wọ́n á da ríìngì sí i, wọ́n á sanwó, ó parí. Tó bá di oṣù kejì, ojú omi á ti sọ̀kalẹ̀ kọjá ìdí kànga náà, wọ́n á ní kànga ti gbẹ. Kànga kọ́ ló gbẹ jàre, wọn ò gbẹ́ ẹ débi tí omi ń sùn sí lẹ́ẹ̀rùn ni.

Kí la wá ṣe tí nǹkan fi yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá wọ oko kòkó tó ti dàgbà, ẹ fi ẹsẹ̀ ti ewé gbígbẹ tó wà nílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ dúdú lẹ máa rí, ó tutù, ihò ekòló àti ti kòkòrò kún inú ẹ̀, gbòǹgbò tín-ín-tìn-ìn-tín gba inú ẹ̀ kọjá síwá sẹ́yìn. Òjò tó bá ń rọ̀ níbẹ̀, ewé òkè ló ń kọ́kọ́ gbà á, ewé ilẹ̀ á tún gbà á, kó tó kan ilẹ̀ agbára ẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, á kàn máa rọra rì ni. Ẹ wá lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n gé gbogbo igi orí ẹ̀, tí wọ́n dáná sun ún, tí katakata ti gun ún lọ gun ún bọ̀. Òjò á máa lù ú tààrà, ojú ilẹ̀ á dì, omi ò ráyè wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, á sì kó ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ sódò. Òjò kan náà ló rọ̀ sí méjèèjì o.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí igbó wa nìyẹn. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ agégi ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àáké, igi tí wọ́n ń fi ọjọ́ gbọọrọ gé, wọ́n lè gé e kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Wọ́n ń gé e fún pákó, wọ́n ń gé e fún èédú, wọ́n ń gé e fún oko. Igbó ọba tó wà lápá Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ìnàkí ṣì ń gbé inú ẹ̀ di báyìí, ibẹ̀ náà ò bọ́ lọ́wọ́ agégi.

Àmọ́ ẹ má bá wọn sọ pé igi ló ń pèsè omi, kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Igi náà ń mu omi, àwọn tó ń yára dàgbà sì ń mu púpọ̀. Oore tí igbó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ lẹ́nu tó fi ń gba omi. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbin tíìkì jìngbìnnì sétí orísun omi, tẹ́ ẹ sì ń dáná sun abẹ́ ẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ewé tíìkì fẹ̀, òjò á kóra jọ sórí ẹ̀, á máa já bọ́ ní ẹ̀kán ńláńlá sórí ilẹ̀ tí kò ní koríko, á máa gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Mo ti rí abẹ́ tíìkì tí gbòǹgbò ti yọ síta gbangba nítorí èyí. Igi tó kù síbẹ̀ látijọ́, pẹ̀lú igbó abẹ́ ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sàn ju èyí tí wọ́n máa wá gbìn lọ́jọ́ tí ìjọba bá gbé kámẹ́rà wá.

Ìlú wá ní tiẹ̀. Láti 1996 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ tí Adó sì di olú-ìlú, ilé ló ń hù níbi tí oko wà. Òrùlé ò fa omi mu, kọnkéré ò fa omi mu, íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ mọ́ra ò gbà jù ìwọ̀nba lọ. Mo mọ̀ pé ó dùn-ún wò, ẹrẹ̀ ò sì ní wọ páálọ̀, àmọ́ ẹni tó fi íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ láti géètì dé ògiri ẹ̀yìn, tí kò fi ibi ewébẹ̀ kan péré sílẹ̀, tó wá ń bi wá pé kí ló ń ṣe kànga òun, kí la fẹ́ sọ fún un? Omi tí ilẹ̀ ẹ̀ ì bá mu, ó ti tì í sí títì. Ẹ̀yin náà ẹ kíyè sí i, àdúgbò kan náà lè máa gbọ́n àgbàrá jáde nínú yàrá ní oṣù keje, kó máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri ní oṣù kejì. Omi kan náà ni, ó ti kọjá lọ ni.

Ti yanrìn, àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Yanrìn tó wà nínú odò kéékèèké, inú ẹ̀ ni omi ń fara pamọ́ sí lẹ́ẹ̀rùn, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń wa yanrìn odò gbígbẹ tí omi á sì sun. Tí típà bá ti ń kó yanrìn yẹn lójoojúmọ́, ìsàlẹ̀ odò á máa jìn sí i. Omi abẹ́ ilẹ̀ tó wà ní bèbè méjèèjì á wá máa ṣàn sọ̀kalẹ̀ sínú odò tó ti jìn, kànga tó wà nítòsí á bá a sọ̀kalẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tá a fi kọ́lé náà nìyẹn o, mi ò ní ká má kọ́lé, àmọ́ a ò lè kó gbogbo ẹ̀ nínú odò kan ṣoṣo.

Ṣé bọ́hóòlù aládùúgbò ló fa omi mi lọ?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ bá a jà.

Tí súmò bá ń fa omi, ojú omi tó yí ihò yẹn ká á tẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ihò ló máa jìn jù, bẹ́ ẹ bá ṣe ń jìnnà sí i ló máa dín kù. Tí kànga yín bá wà láàárín ibi tó tẹ̀ yẹn, tí kò sì jìn, á kọ́kọ́ gbẹ kí bọ́hóòlù aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ mọ̀ ọ́n báyìí: ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú kànga láàárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó tan pọ́ǹpù, ẹ ta kókó síbi tí omi dé lára okùn. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí aládùúgbò bá ti fa omi fún wákàtí mélòó kan. Tí omi yín bá ń sọ̀kalẹ̀ tó bá ń fà, tó ń gòkè tó bá dúró, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹ lè jókòó bá ara yín sọ ọ́ kí kálukú ní àkókò tiẹ̀. Tí kò bá nípa kankan, ó lè jẹ́ pé ojú sísán mìíràn ni bọ́hóòlù tiẹ̀ ti ń mu, kò mọ nǹkan kan nípa ti yín.

Ohun tó burú jù kì í ṣe bọ́hóòlù kan. Ilé ogún lórí òpópónà kan, kálukú lu tiẹ̀, ilé ìfọmọ́tò kan wà níkòríta, ẹni tó ń ta omi sí táńkà wà lókè, búrẹ́dì kan náà ni gbogbo wọn ń fún. Púpọ̀ nínú bọ́hóòlù orí òkúta bíi tiwa yìí kì í mú ju lítà 1 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn kan ò tó ìdajì ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí èèyàn á fi máa fọ mọ́tò láti àárọ̀ dé alẹ́.

Tó bá jìn sí i, ṣé omi á pọ̀ sí i?

Ibi tí wọ́n ti ń gba tálákà lówó jù nìyí. Ẹ dúró ti mọ́tò tó ń lu bọ́hóòlù lọ́jọ́ kan, ẹ má wo ẹnu wọn, ohun tó ń jáde nínú ihò ni kẹ́ ẹ wò. Lákọ̀ọ́kọ́ erùpẹ̀ pupa á máa tú jáde, á wá di èyí tó rí búráùn tó tutù díẹ̀, tó bá kan ibi tó sán, omi á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo èèyàn á sá sẹ́yìn, ariwo á ta. Àmọ́ tó bá ti ń da eruku funfun tàbí eérú jáde, gbígbẹ fúlúfúlú, tó ń bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nítòsí, òkúta líle tí kò sán ni wọ́n ń lọ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù òkúta tó wà lókè ṣe ń tẹ ojú sísán pa dé. Ní irú ilẹ̀ wa, tí wọ́n bá ti lu òkúta gbígbẹ kọjá mítà 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìrètí ti ń tán lọ. Ẹni tó ń gbowó lórí mítà kọ̀ọ̀kan ò ní sọ ìyẹn fún yín.

Sọ́fè tí wọ́n máa ń ṣe ṣáájú, tí wọ́n ń kan irin mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń na wáyà lọ gbọọrọ, kì í ṣe idán. Iná díẹ̀ ni wọ́n ń rán sínú ilẹ̀. Ibi tó lómi, iná á kọjá wẹ́rẹ́, òkúta líle á kọ̀ fún un. Àmọ́ amọ̀ tútù náà ń jẹ́ kí iná kọjá, amọ̀ kì í sì í fún èèyàn lómi, ibẹ̀ ni sọ́fè ti máa ń ṣini lọ́nà, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́. Síbẹ̀ ẹ ṣe é. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ihò gbígbẹ.

Kí ló dé tí kálukú fi ń gbẹ́ tiẹ̀?

Torí ẹ̀rọ omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dáàmù wà: Ero ní Ìkùn-Èkìtì, Egbe, Ureje nínú Adó. Báńkì Àgbáyé náà ti bá wọn dá sí àtúnṣe Ero. Àmọ́ páìpù tó ti pẹ́ nílẹ̀, iná tí kò sí, ilé tuntun tí páìpù ò dé, gbogbo ẹ̀ ló ń lé èèyàn padà sórí bọ́hóòlù. Dáàmù pàápàá ń jìyà igbó tá a gé: erùpẹ̀ tí òjò ń gbá lọ látinú oko òkè odò, ìdí dáàmù ló ń kó sí, àyè omi á sì máa dín kù.

Kí lèèyàn lè ṣe lórí pulọ́ọ̀tì tiẹ̀?

Òrùlé ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, tí òjò mílímítà 10 bá rọ̀ sí i, omi lítà 1,000 ni, òjò ọ̀sán kan sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbe páìpù òjò sínú táǹkì. Tí táǹkì bá kún, ẹ má jẹ́ kó lọ sí gọ́tà, ẹ gbẹ́ kòtò sínú ọgbà, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí i, kó máa rì níbẹ̀. Kẹ́ ẹ má darí omi òrùlé tààrà sínú kànga o, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ìdọ̀tí ló máa bá a wọlé. Ibi tí mọ́tò ò ní gùn, ẹ fi koríko sí i.

Ẹ gbẹ́ kànga nínú oṣù kejì sí ìkẹta, ìgbà tí ojú omi bá lọ sílẹ̀ jù. Èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ lè ní kí agbẹ́kànga padà wọ̀ ọ́ lákòókò yẹn kó gbẹ́ ẹ jìn díẹ̀ sí i, ìyẹn tí kò bá tíì kan òkúta.

Kànga tó bá wá gbẹ pátápátá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di sọ́kàwéè. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, ihò ti wà nílẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n kàn darí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i kí wọ́n fi síláàbù bò ó. Ihò yẹn ti wọ inú ilẹ̀ tí kànga gbogbo àdúgbò ń mu jáde débi tó kù díẹ̀ kó kan omi, tó bá sì di oṣù kẹsàn-án tí ojú omi gòkè, á gòkè wọ inú ẹ̀. Ẹ fi síláàbù bò ó lásán kí ọmọdé má bàa jìn sí i, kẹ́ ẹ máa sọ okùn sí i lóṣooṣù láti mọ ibi tí omi dé.